Power Pack Ni Kí O Kọ́kọ́ Bèèrè

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o ti ń tọ́jú owó bọ̀, mo sì mọ ibi tí ojú rẹ wà: káàdì graphics. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ ná. Bí o bá fẹ́ kọ̀ǹpútà géèmù alágbára tí yóò bá ọ dé ọdún méje tàbí mẹ́jọ ní Òkè-Sopẹn, Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ọ̀rọ̀ iná ni a ó kọ́kọ́ sọ, kí a tó sọ ti atẹ́gùn. Ogbó kọ́ ló ń pa kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa. Iná ló ń pa á, ooru àti eruku a sì ràn án lọ́wọ́.

Power pack ni àpótí irin kékeré tó ń gba iná lára ògiri, tó sì ń bù ú fún gbogbo ẹ̀yà yòókù. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà ti sábà máa ń ṣọ́wó ná, torí pé kò sẹ́ni tó ń rí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Power pack burúkú kì í sì í dá kú; ó lè mú board àti káàdì dání lọ.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀ ni 850W tó ní àmì 80 Plus Gold, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní wàráńtì ọdún mẹ́wàá. Corsair RMx wà bẹ́ẹ̀, Seasonic Focus GX náà wà bẹ́ẹ̀. Wo ìṣirò rẹ̀: káàdì RTX 5070 Ti lè jẹ 300W, processor Ryzen 7 7800X3D wà ní 120W, fi fáànù, RAM àti àwọn yòókù kún un, ó ti ń lọ sí bí 500W. Power pack tó ń lo bí 60% nínú agbára rẹ̀ kì í gbóná jù, fáànù rẹ̀ kì í pariwo, ó sì máa ń pẹ́.

Yí i wò kí o tó sanwó. Ohun tí o fẹ́ kà lára rẹ̀ ni "100-240V". Ìyẹn ni pé bí iná bá lọ sílẹ̀ di 180V nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lò ó, yóò ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá rí bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, fara balẹ̀ gan-an. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà lè wá pẹ̀lú bọ́tìnì náà ní 115, bẹ́ẹ̀ 230V ni iná tiwa. Bí o bá ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri báyẹn, ariwo kan péré ni o máa gbọ́. Yí i sí 230, tàbí kí o fún ẹni tó ni ín padà.

Láàrin ògiri àti power pack, fi nǹkan méjì sí i: stabilizer ṣáájú, UPS tẹ̀lé e. Yan stabilizer tó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí iná kọjá, torí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló burú jù. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń kígbe "Up NEPA!", jẹ́ kí iná náà kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ kí o tó tan tìrẹ. Ní ti UPS, bèèrè èyí tó jẹ́ pure sine wave, 1500VA sókè. Nígbà mìíràn, power pack tó dára kì í bá UPS olówó pọ́ọ́kú rẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò yẹ fún kọ̀ǹpútà yìí. Agbára rẹ̀ kò ju bí 650W lọ, iná rẹ̀ sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Inverter ló yẹ ọ́. Bátìrì olómi 12V, 200Ah gba 2.4kWh, ìdajì rẹ̀ ni kí o máa lò kí ó má bàa tètè kú, ìyẹn á sì gbé kọ̀ǹpútà yìí pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì.

O fẹ́ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Sún mọ́ mi. Mo máa ń wọ inú ètò MSI Afterburner, màá dín iná tí káàdì ń jẹ kù sí 80%. Bí kì í bá ṣe géèmù ìfigagbága ni mò ń ta, màá tún fi àwòrán mọ sí 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyára tí 80% yẹn ń mú lọ kéré gan-an, ṣùgbọ́n bátìrì á pẹ́ sí i, káàdì á tutù sí i, yàrá náà á sì ṣeé jókòó sí. Dán an wò lálẹ́ òní bí o bá ti ní káàdì kan nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò tíì tán o. Bí o bá fọwọ́ kan ara kọ̀ǹpútà tó sì ń ta ọ́ ṣín-ín-ṣín-ín, ilé yín kò ní ẹ́ẹ̀tì tó dára. Pe oníṣẹ́ iná kí ó ri irin mọ́lẹ̀ kí ó sì so wáyà mọ́ ọn. Bí àrá bá sì ti ń sán, yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá, yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ìkejì yìí.

Ó yá, atẹ́gùn. Ìlú tí wọ́n ti ń la pákó ni Ìjẹ̀bú-Igbó, ọyẹ́ sì tún ń gbé eruku tirẹ̀ wá lọ́dọọdún. Yan àpótí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, tó sì ní asẹ́ tí o lè yọ fọ̀. Èyí tí wọ́n fi gíláàsì dí níwájú lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa gbóná. Fi fáànù mẹ́ta síwájú kí wọ́n máa fa atẹ́gùn wọlé, fi ẹyọ kan sẹ́yìn kí ó máa lé e jáde. Bí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, inú asẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú eruku máa dúró sí. Gbé àpótí náà sórí tábìlì, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, fọ asẹ́ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí o bá fẹ́ fẹ́ inú kọ̀ǹpútà, má gbé e lọ sọ́dọ̀ vulcanizer. Omi máa ń wà nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ wọn. Lo blower kékeré, kí o sì fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú kí ó má yí.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ní kí o ra èyí tó ń fi omi tu processor lára. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n pọ́ńpù wà nínú rẹ̀, pọ́ńpù a sì máa kú. Èyí tó jẹ́ irin àti fáànù nìkan ni mo fara mọ́. Noctua ń fún tirẹ̀ ní wàráńtì ọdún mẹ́fà, bí fáànù bá sì bàjẹ́, fáànù nìkan ni wàá pààrọ̀.

Ní ti board, AM5 ni kí o rà. AMD gbé e jáde ní 2022, wọ́n sì ti ṣèlérí láti máa ṣe processor fún un títí di 2027, ó kéré tán. Mo gbà wọ́n gbọ́ nítorí ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú AM4: ọ̀pọ̀ ẹni tó ra board ní 2017 ló rí Ryzen 7 5800X3D fi sí i ní 2022, láì pààrọ̀ ohunkóhun mìíràn. Bí o bá fẹ́ràn Intel, yẹra fún tòkunbọ̀ ìran 13 àti 14 tó jẹ́ i7 àti i9. Àìsàn kan bá wọn tó di ariwo ní 2024, ilé iṣẹ́ náà sì fi ọdún méjì kún wàráńtì wọn. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ní àtúnṣe.

RAM: 32GB, ẹyọ méjì tó jẹ́ 16, DDR5-6000. SSD: 2TB, torí bí ó bá ti kún jù, á máa falẹ̀. Samsung 990 Pro 2TB ní ìwọ̀n 1200TB tí o lè kọ sí i lábẹ́ wàráńtì. Ayédèrú Samsung pọ̀ níta, nítorí náà fi ètò Samsung Magician yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Wàyí o, káàdì tí o ti ń dúró dè. 16GB ni kí o wá. Géèmù tuntun ń jẹ ìrántí káàdì púpọ̀, 8GB á sì tètè sé ọ mọ́. RTX 5070 Ti àti RX 9070 XT, tí àwọn méjèèjì jáde ní 2025, ní 16GB. Fi RTX 5090 sílẹ̀: 575W ni òun nìkan ń jẹ. Bí o bá ń ra tòkunbọ̀, rántí pé nígbà tí Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, yí ọ̀nà padà ní oṣù kẹsàn-án 2022, tí kò sì ṣeé fi káàdì wà mọ́, àwọn tó fi káàdì wa owó rẹ̀ tọ̀sán-tòru tà wọ́n jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ní Computer Village, Ìkẹjà, sọ pé kí wọ́n ta géèmù lórí rẹ̀ lójú rẹ fún ìdajì wákàtí. Gba rìsíìtì tí nọ́ńbà káàdì wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, kọjá síwájú.

Ojú ọ̀nà ń gbọn nǹkan. Bí o bá ń gbé kọ̀ǹpútà bọ̀ láti Ìkẹjà, tàbí o ń gbé e lọ sí hóstẹ́ẹ̀lì ní Àgọ́-Ìwòyè, yọ káàdì sínú páálí tirẹ̀, gbé e lé itan. Ó wúwo débi pé kòtò kan péré lè fa ibi tí ó so mọ́ lára board ya.

Bí owó kò bá tó, má yáwó nítorí káàdì. Ra power pack, stabilizer, UPS, àpótí, board, processor pẹ̀lú ohun tó ń tù ú lára, RAM àti SSD ná. Ryzen 7 7800X3D ní graphics kékeré nínú ara rẹ̀. Á gbé iṣẹ́ ilé-ìwé, fíìmù àti àwọn géèmù àtijọ́ títí owó káàdì yóò fi pé.