Omi tí ẹ rà ní owó àgbàdo: Ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ń ra irè oko ní Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Emùré

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ìṣirò la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ti òní. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láàárín Ìsẹ̀ sí Emùré, tó sì ń tà á fún àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Àkúrẹ́. Ó ra tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn 1,000 kílò, ní ₦400 kílò kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà rẹ̀ ní òun máa san ₦420, àmọ́ àgbàdo náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ìyá ṣírò ó lọ́kàn: èrè ₦20 lórí kílò kan, ₦20,000 lórí gbogbo rẹ̀. Ó sá àgbàdo náà títí ó fi gbẹ, ó gbé e lọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, owó tó gbà kò sì tó ₦396,000.

Kò sẹ́ni tó jí i lọ́jà, òṣùwọ̀n náà kò sì parọ́. Iye owó tí a lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, torí ọjà ń yí padà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àdánù náà kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí i rí láìmọ ibi tó gbà wọlé.

Ibi tí owó gbà lọ

Àgbàdo tí ìyá yìí rà ní omi 18 nínú 100. Èyí tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju 13 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé tí a bá yọ 13 kúrò nínú 18, ó ku 5, nítorí náà kílò 50 péré ló máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí oòrùn kò lè gbé lọ ni ara àgbàdo gan-an. Nínú 1,000 kílò yẹn, omi jẹ́ 180, ara àgbàdo jẹ́ 820. Nígbà tó bá gbẹ tán, kílò 820 yìí ló máa di 87 nínú 100 ohun tó kù. Ẹ fi 87 pín 82, kí ẹ fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 942 kílò àti ààbọ̀. Kílò 57 àti ààbọ̀ ti bá oòrùn lọ. Ẹ fi ₦420 sọ èyí tó kù di púpọ̀, ₦395,850 ni. Ìyá ti pàdánù ₦4,150 kó tó san owó ọkọ̀ àti owó alábàárù.

Irú ìṣirò yìí náà ló wà fún kòkó. Kòkó tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun kò gbọ́dọ̀ ní omi tó ju 7.5 nínú 100 lọ. Tó bá ti ju 8 lọ, ó lè bu nínú àpò. Tó bá sì gbẹ kọjá 6, èèpo rẹ̀ á máa fọ́. Ká ní ẹ ra àpò 16 tó jẹ́ kílò 64 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí omi inú rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1,024 kílò. Tó bá gbẹ dé 7.5, yóò ku bíi 996. Tí kílò kan bá jẹ́ ₦5,000, ohun tó lé ní ₦138,000 ló ti di ategùn yẹn. Ẹni tó bá fi owó èlé ra ọjà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ó tún le sí i nígbà tí iye owó kòkó kò bá dúró sójú kan. Ní December 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ra kòkó tútù nígbà tó wọ́n, tó ń sá a lọ́wọ́ nígbà tí owó ń já, ẹ̀ẹ̀mejì ló pàdánù.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti rí

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ìṣirò wo ètò ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1951 sí 1952, Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí láàárín ìdílé àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ilẹ̀ wa, wọ́n yẹ ohun tó ń wọlé fún wọn àti ohun tó ń jáde wò. Ìwé tí wọ́n fi ìwádìí náà kọ jáde ní 1956. Dina yìí ni Olóyè I. O. Dina tó wá di alága ìgbìmọ̀ tó yẹ ètò owó ìjọba wò ní 1968. Láyé ìgbà yẹn, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ra kòkó ló ń dá iye owó, olùyẹ̀wò ìjọba ló sì ń sọ bí kòkó ṣe dára tó. Nígbà tí ìjọba fòpin sí ìgbìmọ̀ náà ní 1986, iṣẹ́ mímọ ojúlówó bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀yin tó ń rà á.

Ní 1970, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ̀wé nípa ọjà ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Ó ní tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kò bá lè dá èyí tó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́, iye kan náà ló máa sọ fún méjèèjì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára kò ní fẹ́ tà á ní iye yẹn, á kúrò lọ́jà, èyí tí kò dára ló máa kù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2001 pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí ìdí òṣùwọ̀n yín. Tí ẹ bá ń san iye kan náà fún àgbàdo gbígbẹ àti tútù, àgbẹ̀ tó fi ọjọ́ mẹ́rin sá tirẹ̀ ló pàdánù, torí ọjà rẹ̀ ti fúyẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á gbé e wá ní tútù. Àwa tó ń rà á la kọ́ ọ.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń mọ ooru

Ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ẹ ti rí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ń ri okùn fáíbà mọ́lẹ̀ fún tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú okùn náà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀. Charles Kao ló ṣàlàyé ní 1966 pé gíláàsì tó bá mọ́ tó lè gbé ìmọ́lẹ̀ lọ jìnnà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009.

Okùn yìí kan náà lè mọ ooru. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń lọ nínú gíláàsì, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń ta padà sẹ́yìn, àwọ̀ díẹ̀ nínú èyí tó padà sì máa ń yí. Raman ará Íńdíà ló rí ìyípadà àwọ̀ yìí ní 1928. Apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ tó yí àwọ̀ padà yìí máa ń pọ̀ sí i níbi tí ooru bá wà. Ẹ̀rọ tó wà ní ìdí okùn á wò ó, á sì ka àkókò tó fi padà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú gíláàsì, nítorí náà àkókò náà ló ń sọ ibi tí ooru wà gẹ́lẹ́ lára okùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é yọrí ní àwọn ọdún 1980. Lónìí, àwọn oníkànga epo rọ̀bì ń lò ó, wọ́n sì ń fi ṣọ́ iná nínú ihò ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀.

Kí ló kan àgbàdo? Ọkà tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ ń mí, kòkòrò inú rẹ̀ náà ń mí, ooru sì ń jáde. Ọkà kì í tètè gbé ooru jáde. Àárín òkìtì lè máa gbóná kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so okùn tó ń mọ ooru kọ́ sínú àwọn sílò ńlá, tí àwọn oníwàádìí sì ń dán okùn gíláàsì wò níbẹ̀.

Ẹ̀rọ wo ló tọ́ sí ẹ?

Ẹ má ṣe sáré lọ ra fáíbà o. Owó ẹ̀rọ tó ń rán ìmọ́lẹ̀ yẹn lè tó owó ọkọ̀ akẹ́rù. Ìbéèrè onímọ̀ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ni ká bi ara wa: ọjà mélòó ni mo máa rà kí ẹ̀rọ yìí tó san owó ara rẹ̀ padà?

Ká ní mítà kékeré tó ń sọ iye omi inú ọkà jẹ́ ₦120,000. Lórí tọ́ọ̀nù àgbàdo tútù kan, ìyá wa san owó kílò 57 àti ààbọ̀ tó jẹ́ omi, ìyẹn ₦23,000. Ẹ fi ₦23,000 pín ₦120,000, ó lé díẹ̀ ní 5. Tó bá jẹ́ ìdajì ọjà yín ló máa ń tutù, ẹ sọ ọ́ di tọ́ọ̀nù 11. Ẹni tó ń ra ju bẹ́ẹ̀ lọ ní sáà kan, kó rà á. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ. Èèyàn márùn-ún tí ìsọ̀ wọn sún mọ́ra lè lo ẹyọ kan.

Ẹni tí kò tíì lówó mítà náà kò jókòó lásán:

1. Ẹ da àgbàdo dé ìdá mẹ́ta ìgò tó gbẹ, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi rẹ̀ ju 15 lọ. Tí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì tún un sá sí i díẹ̀ kí ẹ tó kó o pamọ́, torí 13 lẹ ń wá.

2. Ẹ ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín àpò tàbí òkìtì, ẹ fi í síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá gbóná, ẹ tú ọjà náà sínú oòrùn lọ́jọ́ náà. Fáíbà tálákà nìyẹn.

3. Ẹ sá ọjà lórí tapólì, ẹ má sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ má sì jẹ́ kí èéfín igi kan kòkó.

4. Ẹ má fi oògùn dípò oòrùn. Ní 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Àpò onínáílọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n ń pè ní PICS ń pa kòkòrò láìlo oògùn, ṣùgbọ́n ọkà tútù á bàjẹ́ nínú rẹ̀.

5. Ẹ kọ iye méjì sára pátákó: iye ti gbígbẹ àti iye ti tútù. Láti mọ iye tí ẹ lè san fún tútù, ẹ yọ ìnáwó àti èrè yín kúrò nínú iye tí ẹ máa tà á, kí ẹ fi 0.94 sọ ọ́ di púpọ̀ tó bá jẹ́ láti 18 sí 13. Ìyá wa tó ń ta ₦420, tó fẹ́ èrè ₦20, tó sì ń ná ₦15 lórí kílò, kò yẹ kó san ju ₦362 lọ.

Fún ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ọjà ìpamọ́, NSPRI, wà ní Ìlọrin. Ti kòkó, CRIN wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ní Ìbàdàn.

Ẹ ṣàlàyé ìdí tí iye fi jẹ́ méjì fún àgbẹ̀ yín, kí ẹ sì jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ìgò iyọ̀ yẹn. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé oòrùn tí òun yá kò ṣòfò, á gbé ọjà gbígbẹ wá. Owó tí ẹ sì ń san fún omi tẹ́lẹ̀, á kù sápò ẹ̀yin méjèèjì.