Ìkànnì tí kò gbọ́ èdè oníbàárà, owó ló ń lé lọ: Ẹ̀kọ́ fáwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, pàápàá ní Ìtòkú, fi gbé ọjà wọn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà l'Ékòó, ní London tàbí l'Ámẹ́ríkà lè ra aṣọ láì wọ mọ́tò wá sílùú Ẹ̀gbá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó gbé ọjà àdìrẹ kan kalẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ọjà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ ni kí oníbàárà rí i, kó kà á, kó sì rà á.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aládìrẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó san owó gidi fún ẹni tó bá a ṣe ìkànnì, ìkànnì náà sì rẹwà lójú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi hàn án. Oníbàárà kan wá, ó tẹ "adire eleko" láìfi àmì kankan sí i. Ìkànnì ní òun kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, nítorí "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oníbàárà kejì fẹ́ forúkọ sílẹ̀, Ọ àti Ṣ sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní orúkọ náà kò dáa, kó lọ tún un kọ. Ẹni kẹta kò ríran, fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sí i létí. Ogún fọ́tò ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "fọ́tò, fọ́tò" nìkan ni fóònù ń pè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú owó dání, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wá rárá.

Kí ẹ̀rọ bá èdè àwọn èèyàn mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nílùú Ẹ̀gbá. Abẹ́òkúta ni òyìnbó oníwàásù nì, Henry Townsend, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lọ́dún 1859, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Ó wà títí di 1867, nígbà táwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Lọ́dún 1875, àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run tún pàdé l'Ékòó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá láyé ìgbà náà gbọ́dọ̀ wá lẹ́tà òjé tó ní àmì lábẹ́. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé èdè, kì í ṣe èdè ló tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò òde òní béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a ṣe ìkànnì náà nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rí lẹ́tà. Nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà, ètò tí gbogbo ayé sì fi ń fún wọn ní nọ́ńbà ni wọ́n ń pè ní Unicode. Nọ́ńbà wà fún ẹ, ó wà fún ọ, ó sì wà fún ṣ. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀, ńṣe ni wọ́n ń to lẹ́tà àti àmì pọ̀. Ẹnì kan lè mú ẹ kó gbé àmì ohùn lé e lórí, ẹlòmíràn lè mú é kó fi àmì sí i lábẹ́. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àfi tí ẹni tó ṣe ìkànnì bá ti kọ́ ọ pé kó sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ìlà kékeré ni wọ́n ń fà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, èyí náà sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ṣé kí wọ́n wá pa àmì tì ni? Rárá o. Ẹ̀gbá ni orúkọ àwọn èèyàn wa, ẹgba ni wọ́n fi ń na ọmọ aláìgbọràn, ẹ̀gbà sì ni àrùn tí kì í jẹ́ kéèyàn lè rìn. Ta ló fẹ́ kí ìkànnì kí òun káàbọ̀ sílùú ẹ̀gbà? Ohun tó tọ́ ni pé kí ìkànnì kọ Yorùbá tirẹ̀ pẹ̀lú àmì, ṣùgbọ́n kó gba ti oníbàárà bó bá ṣe kọ ọ́. Kí ẹni tó tẹ "adire" àti ẹni tó tẹ "àdìrẹ" jọ rí aṣọ kan náà. Kí fọ́ọ̀mù gba orúkọ bí bàbá àti ìyá ṣe sọ ọ́, kó má sì sọ ọ́ di dandan pé kéèyàn kọ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń júwe ilé lọ́dọ̀ wa ni pé "ilé kejì sí mọ́ṣáláṣí". Kí àyè wà fún ìyẹn náà.

Ohun kejì ni pé títúmọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe àwọ̀ kó tó pe aṣọ, Yorùbá sì máa ń pe aṣọ kó tó pe àwọ̀. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì, "búlúù aṣọ" ni ìkànnì yóò máa pè, àwọn oníbàárà yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Odindi gbólóhùn ló yẹ kí wọ́n fún ẹni tó ń túmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. "You" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọdé àti àgbà, àmọ́ kò sí aládìrẹ kan ní Ìtòkú tó máa sọ fún oníbàárà tó dàgbà pé "Kọ orúkọ rẹ síbí." "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín síbí" ni yóò sọ. Bó ṣe yẹ kí ìkànnì rẹ̀ náà sọ ọ́ nìyẹn. Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀ láti 2013, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa gbọ́dọ̀ tún un kà kó tó jáde. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tí Dókítà Túndé Adégbọlá àti àjọ African Languages Technology Initiative n'Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè tẹ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà àti bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́ ọ.

Ohun kẹta kan àwọn tí ojú, etí tàbí ọwọ́ ń yọ lẹ́nu. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń lò kárí ayé, WCAG ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1999 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, 2023 ni wọ́n gbé 2.2 jáde. Ó ní kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tí fóònù lè kà jáde. Fún aládìrẹ, kò ju kó kọ ọ́ pé "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró dúdú pẹ̀lú ìlà funfun, yáàdì 5." Àlàyé yìí náà ló ń jẹ́ kí Google mọ ohun tó wà nínú fọ́tò. Ìlànà náà tún ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1 ó kéré tán, torí lẹ́tà eérú lórí funfun kì í ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán. Ó ní kí ojú ìwé sọ èdè tó wà nínú ẹ̀. "Yo" ni àmì Yorùbá, kí ètò tó ń ka ìwé sétí má baà ka Yorùbá bíi Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin náà wà níbẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni ìròyìn jáde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yan àwọn aláàbọ̀ ara jẹ. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u lè san owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà.

Ìkẹrin ni owó dátà. Fọ́tò tí wọn kò sọ di kékeré lè jẹ dátà oníbàárà kó tó rí aṣọ kan, yóò sì pa á tì. Àwọn báǹkì ti mọ èyí tipẹ́. Nọ́ńbà bíi *737# ti GTBank kò béèrè dátà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì.

Kí oníṣòwò tó san owó tó kù fún ẹni tó bá a ṣe ìkànnì, ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe nǹkan márùn-ún yìí, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀:

1. Kó tẹ orúkọ ọjà pẹ̀lú àmì, kó tún tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Ṣé ohun kan náà ló jáde?

2. Kó fi orúkọ tó ní Ẹ, Ọ àti Ṣ kún fọ́ọ̀mù. Ṣé ó gbà á? Ṣé àpótí kékeré kò jáde dípò lẹ́tà?

3. Kó tan TalkBack lórí fóònù Android tàbí VoiceOver lórí iPhone, kó di ojú, kó gbìyànjú láti ra aṣọ kan.

4. Kó gbé fóònù jáde sínú oòrùn. Ṣé ó ṣì rí iye owó kà?

5. Kó fún àgbàlagbà kan tó gbọ́ Yorùbá ní fóònù náà, kó má sọ ohunkóhun, kó kàn máa wò ó.

Ibi tí àgbàlagbà náà bá ti dúró, ibẹ̀ gan-an ni oníbàárà yóò ti padà lẹ́yìn. Kí wọ́n tún un ṣe kí owó tó jáde lápò.