Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ afàdọ̀tí tí kò ní wáyà, ìka tí kò ṣẹ̀ la sábà máa ń gé. Ẹ̀rọ ń kú lójijì, onílé ní bátìrì ti lọ nìyẹn, ó sáré ra tuntun, ó tì í bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà tún ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Owó ti lọ, ìdọ̀tí ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbẹ́jọ́ ná. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀rọ náà, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń dúró, tó tún ń ṣiṣẹ́, tó tún ń dúró, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe, afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà kọjá. Bátìrì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ tú ẹnu ẹ̀rọ àti ọ̀pá rẹ̀, ẹ na ọ̀pá náà sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ yọjú wo inú rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, irun àtọwọ́dá, ọ̀rá búrẹ́dì, kò sí ohun tí kì í há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fílítà, ẹ fi omi tútù lásán fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a fún odidi wákàtí 24 ó kéré tán. Bó bá tutù díẹ̀, ẹ má dá a padà. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò pọ̀ jù fún un.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń lọ geere, àmọ́ tí àkókò rẹ̀ ń kúrú sí i, ó di ọ̀rọ̀ bátìrì. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ mú ẹ̀rọ Dyson V8: àwọn tó ṣe é ní ó lè lo ìṣẹ́jú 40 bí ẹ bá rọra lò ó, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 7 péré ni lórí Max, ìyẹn ipò tó lágbára jù. Ẹni tó ń fi Max gbá gbogbo ilé, tó wá ń ráhùn pé bátìrì òun kì í ju ìṣẹ́jú 7 lọ, kò lẹ́jọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá láti ilé.

Nínú bátìrì V8 yìí, sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn. Fólìtì 3.6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 21.6. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: lẹ́yìn àwọn mẹ́fà yìí ni bọ́ọ̀dù kékeré kan wà tó ń ṣọ́ wọn. Bí ọ̀kan péré bá ti rẹ̀ jù, bọ́ọ̀dù náà á pa gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún rìpíárà tó bá ní òun á yọ ọ̀kan tó bàjẹ́, òun á fi tuntun sí i. Tuntun àti ògbólógbòó kì í rìn dọ́gba. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fólìtì 25.2 ni ti Dyson V11, kò sì lè bá V8 lọ. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà; ẹ má tẹ̀lé ẹni tó ní “ó jọ ọ́, á wọ̀ ọ́.” Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 6000 mAh sí lára, tí kò tóbi ju ti àtijọ́ lọ, irọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 18650 torí pé ó fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó sì gùn tó 65, kì í sábà gbà ju nǹkan bíi 3500 mAh lọ. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le: bọ́tìnnì ni ẹ ó tẹ̀ lára àwọn kan, lára àwọn mìíràn ẹ ó fi sukurudáfà tú ìdè díẹ̀. Ẹ ṣáà yọ ṣájà kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, àṣà àtijọ́ ló ń dà wá láàmú. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, wọ́n máa ń ní ká jẹ́ kí bátìrì kú fin-ín-fin-ín ká tó ṣáàjì rẹ̀. Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì ló ni ìmọ̀ràn yẹn. Ti lítíọ́ọ̀mù-ion, tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà lọ́dún 1991, kíkú pátápátá yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ooru náà ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo Max tán, ẹ fọwọ́ kan ìdí ẹ̀rọ, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó jẹ iná. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ẹ̀wẹ̀, bí gáréèjì yín bá tutù débi tí omi ń dì, inú ilé ni kí ẹ ti máa ṣáàjì rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò oṣù mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì. Bó bá ṣófo pẹ́, bọ́ọ̀dù inú bátìrì yẹn lè má gba iná mọ́, ẹ ó sì rò pé ṣájà ló bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ bátìrì tó ń dé ilé wa, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló ń gbà wá. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi í sínú àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Inú báàgì ọwọ́ ni òfin ní kó wà, kí wọ́n sì fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀. Èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ kò ní wàhálà, àmọ́ láti 100 dé 160, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù. Láti mọ Wh rẹ̀, ẹ fi fólìtì sọ Ah di púpọ̀: 21.6 lọ́nà 2.8 ti V8 jẹ́ bíi 60 Wh.

Èyí tó ti kú náà ńkọ́? Ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gún un nídìí, ẹ má sì jù ú síná. Ní Èkó, ẹ wá àwọn tó ń gba ẹ̀rọ tó bàjẹ́ fún àtúnlò, kì í ṣe akólẹ̀ àdúgbò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta tó kílò 32 bátìrì lọ́dún gbọ́dọ̀ gba èyí tí ẹ ti lò tán lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.