Omi Tí A Dà Síwájú: Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ tó Ní Ìṣòro Ìkẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí kan àwọn òbí Yorùbá ní Barking àti Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ wọn ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2014 gba òbí fúnra rẹ̀ láàyè láti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ọmọ, láìdúró de ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí wọ́n ń béèrè fún ni EHC plan, ìyẹn ìwé ètò lórí ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú ọmọ, tó lè bá a dé ọdún 25. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ni ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fèsì, kò sì yẹ kí gbogbo ètò náà ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Bí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ìwé ètò náà bá dé, òbí ní ọjọ́ 15, ó kéré tán, láti sọ èrò rẹ̀, kí ó sì dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́, yálà ti gbogbogbòò tàbí ti àkànṣe, bíi Trinity ní Dagenham.

Kí òbí má sáré gba àkọsílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Bí Section F, apá tó sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ, bá kàn wí pé yóò rí ìrànlọ́wọ́ “bí ó bá ti yẹ”, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti béèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ẹni tí yóò ṣe é, ìṣẹ́jú mélòó, àti ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí ìwé ètò ìkẹyìn kò bá tẹ́ òbí lọ́rùn, ó ní oṣù 2 láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tribunal.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì gidigidi. Òfin kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ ka ọmọ sí ẹni tó ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ kìkì nítorí pé èdè ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti kíláàsì. Nítorí náà, kí òbí ṣàlàyé fún SENCO, olùkọ́ tó ń bójú tó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ṣe ń sọ Yorùbá nílé, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ń nira fún un ní Yorùbá náà, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro rẹ̀. Ìtìjú tó ń mú kí àwọn kan fi ìṣòro ọmọ pamọ́ fún olùkọ́ ń fi ọdún ọmọ ṣòfò.

Fún ọmọ tó ti ní ètò yìí tó sì fẹ́ wọ girama, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún tí yóò wọlé. Kí òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wò nígbà tí ọmọ bá ṣì wà ní kíláàsì karùn-ún.