Búrẹ́dì Tí Ó Le Kì Í Ṣe Búrẹ́dì Tí Ó Bu: Bí A Ṣe Ń Ṣe Búrẹ́dì Àyangbẹ fún Ọbẹ̀ àti Sàláàdì

Nǹkan méjì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí búrẹ́dì tí a kò bá jẹ tán nínú ilé. Yálà kí ó le, tàbí kí ó bu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka méjèèjì sí ọ̀kan náà. Nítorí èyí, àwọn kan ń da búrẹ́dì tí ó dára nù, àwọn mìíràn sì ń fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí ó bu kúrò, wọn a yan ìyókù lórí iná, wọn a sì gbé e fún ọmọ jẹ. Àṣà kejì yìí ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Búrẹ́dì tí ó le kò tíì bàjẹ́. Kì í ṣe gbígbẹ nìkan ni ó sọ ọ́ di líle. Sítáàṣì wà nínú ìyẹ̀fun àlìkámà. Iná a máa sọ ọ́ di rírọ̀ nígbà tí a bá ń yan búrẹ́dì, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, yóò tún padà le. Inú fíríìjì ni èyí ti ń yá jù. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì inú fíríìjì fi máa ń le ju ti orí tábìlì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè bu.

Ti búrẹ́dì tí ó bu yàtọ̀ pátápátá. Ohun funfun, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tí ẹ rí lára rẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìbátan olú ni. Ó ní ohun tínńtín bí òwú tí ojú kì í rí, tí í máa wọ inú búrẹ́dì lọ bí gbòǹgbò, nítorí pé búrẹ́dì rọ̀, ó sì ní ihò. Bí ẹ bá gé ojú kan kúrò, ìyókù lè wà ní ibi tí ẹ rò pé ó mọ́. Iná lè pa ohun tí ó hù náà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀ a máa tu májèlé sílẹ̀. Ọ̀kan nínú irú májèlé bẹ́ẹ̀ ni aflatoxin, tí í máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná wa kì í sì í lè pa á tán. Nítorí náà yíyan kò lè sọ búrẹ́dì bíbu di rere. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù. Bí ègé kan bá bu nínú ọ̀rá, ẹ má ṣe ṣa ìyókù jẹ. Ẹ má ṣe gbé e sí imú láti gbọ́ òórùn rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Ẹ má sì dà á fún adìyẹ, nítorí májèlé náà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran ọ̀sìn. Ẹni tí ó bá ní owó ni òun fi rà á, kí ó rántí pé owó oògùn ju owó búrẹ́dì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí èyí tí ó le lásán. Àwọn Faransé ní orúkọ fún un nígbà tí a bá gé e wẹ́wẹ́ tí a sì yan án gbẹ: croûton ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe èèpo búrẹ́dì. Orí ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ́n ọn sí, àti orí sàláàdì. Sàláàdì olókìkí tí à ń pè ní Caesar, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé Caesar Cardini ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Tijuana ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní 1924, kò pé láìsí i. Kì í ṣe ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ iyán ni a ń sọ o. Ọbẹ̀ olómi tí a ń fi ṣíbí mu ni, irú èyí tí a fi ata àti ẹja tútù sè.

Ẹ mú ègé búrẹ́dì mẹ́rin tí ó ti lo ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn-tojú níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó oríkèé àtàǹpàkò. Bí wọn kò bá dọ́gba, àwọn kékeré yóò jó kí àwọn ńlá tó gbẹ. Ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun kan sínú abọ́ ńlá, ẹ bu aáyù gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná díẹ̀ sí i, pẹ̀lú efinrin gbígbẹ tàbí táìmù, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí búrẹ́dì náà nínú rẹ̀.

Iyọ̀ ńkọ́? Búrẹ́dì ti ní iyọ̀ nínú kí ẹ tó rà á, ọbẹ̀ sì ní tirẹ̀, ká má tíì sọ ti máàgì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má pé gíráàmù 5, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí ìmutíì kan, láti inú gbogbo oúnjẹ. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí a óò fi tún fi iyọ̀ sí i, àgàgà ní ilé tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bá wà.

Bí ẹ bá ní ààrò tí a fi ń yan kéèkì, ẹ jẹ́ kí ó gbóná dé ìwọ̀n 180 ti Celsius. Ẹ tẹ́ búrẹ́dì náà kí ọ̀kan má gun orí èkejì, kí ẹ sì yan án fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun: páànù tí ó nípọn lórí iná kékeré tó, bí ó bá lè dúró tì í kí ó sì máa rò ó. Àwọn àgbà a máa bèèrè pé kí ni a óò jẹ kí àyangbẹ ajá tó gbẹ. Ti búrẹ́dì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ búrẹ́dì Àgége. Ṣúgà inú rẹ̀ a máa jẹ́ kí ó tètè pọ́n, kí ó sì jó, nígbà tí inú kò tíì gbẹ. Nítorí náà ẹ dín iná rẹ̀ kù, kí ẹ sì fi àkókò kún un. Àwọ̀ wúrà ni à ń wá, kì í ṣe àwọ̀ èédú. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Súwídìn fi hàn pé ohun kan tí à ń pè ní acrylamide a máa wà nínú oúnjẹ onísítáàṣì tí a yan tàbí tí a dín nínú ooru líle. Ó ti fa jẹjẹrẹ lára ẹranko. A kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oúnjẹ tí ó ní i ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti dúdú tó ni ó máa ń pọ̀ tó, nítorí náà kò sí èrè nínú jíjó o.

Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e mọ́ inú agolo tàbí ìgò. Bí ẹ bá dé e nígbà tí ó gbóná, oru rẹ̀ yóò di omi, búrẹ́dì yóò rọ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí òróró rẹ̀ lè kan. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré tó fún abọ́ ọbẹ̀ kan. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kà á mọ́ oúnjẹ rẹ̀, nítorí búrẹ́dì náà ni síbẹ̀. Ní ti ọmọ kékeré àti arúgbó tí eyín rẹ̀ kò pé, ẹ má ṣe fún wọn ní gbígbẹ, kí ó má baà há wọn lọ́fun. Ẹ rì í sínú ọbẹ̀ títí yóò fi rọ̀ dáadáa kí ẹ tó fún wọn.