Ọkọ̀ Ogun PC-1264

Ní oṣù kẹrin ọdún 1944 ni ọkọ̀ kékeré yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní New York. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dọdẹ ọkọ̀ abẹ́-omi àwọn ará Jámánì, kí ó sì máa sin àwọn ọkọ̀ ẹrù kọjá.

Nígbà náà, ìdáná àti gbígbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá ni ó jẹ́ ìpín ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yìí, tí Eric Purdon jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, àwọn ni ó pọ̀ jù. Àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń darí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn dúdú fi gba ipò náà, ọkọ̀ kò sì dúró. Ní 1945 Samuel Gravely dé ibẹ̀. Ní 1971 ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ̀gágun àgbà ojú omi Amẹ́ríkà.

Ní 1946 ọkọ̀ náà fẹ̀yìn tì. Ẹni tí a kò fún ní ọkọ́, báwo ni a ó ti ṣe mọ̀ bí ó lè roko?