Títọ́ Ọmọ Aláìlóbìí: Èwo Ni Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n?

Ní ọdún 1983 ni a kọ́kọ́ rí àrùn Éèdì ní ilẹ̀ Tanzania, ní àgbègbè Kagera. Àrùn náà sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìlóbìí. Ìṣirò tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 1997 fi hàn pé owó tí a fi ń tọ́ ọmọ kan ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí níbẹ̀ ju 1,000 dọ́là lọ lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà iye tí a fi ń ran ìdílé tí ó gba ọmọ tọ́ lọ́wọ́. Ìyá àgbà kì í gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n òun náà ń jẹun, ó sì yẹ kí ìjọba rántí èyí. Ọmọ ọwọ́ tí ẹnì kan ń pọ̀n a máa tètè sọ̀rọ̀ ju èyí tí ọwọ́ púpọ̀ ń gbé kiri lọ. Bí kòkòrò HIV bá sì wà lára rẹ̀, ẹni náà ni yóò máa rántí oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́.